Ṣọ́ọ̀bù Káfíńtà Tí Ajá Máa Jogún

"Ajá! Ẹ gbọ́ o, ajá! Èmi àkọ́bí, èmi tí ewú ti kún orí mi, ajá ló máa jókòó sórí ogún bàbá mi, tí á máa ju ìrù sí mi lójú!"

Ohùn Alága nìyẹn. Ẹ jẹ́ n tún un ṣe dáadáa, torí ẹ ò rí ọrùn wọn. Tí Alága bá ń bínú, ọrùn wọn ló máa ń kọ́kọ́ jáde, bí ìgbà tí ahun bá yọjú wo bóyá òjò ti dá, kí ohùn tó wá tẹ̀lé e láti ìsàlẹ̀ ikùn: "A-a-ajá!" Ẹ̀gbọ́n màmá mi ọkùnrin ni wọ́n. Wọn ò ṣe alága ẹgbẹ́ kankan rí láyé, ṣùgbọ́n kò sí ibi tí èèyàn bá péjọ sí tí wọn ò ní máa pín ọ̀rọ̀ sọ fún aráyé: ìwọ dákẹ́, ìwọ ló kàn, ìwọ dúró ná. Bí orúkọ ṣe mọ́ wọn lára nìyẹn.

"Ẹ rọra, ẹ̀gbọ́n mi." Àǹtí Onífíríìsà ló fèsì. Àwọn ni wọ́n tẹ̀lé Alága, màmá mi ló wá ṣe àbígbẹ̀yìn. Omi tútù àti ẹja oníyìnyín ni Àǹtí ń tà, àfi bíi pé òtútù náà ti wọ̀ wọ́n lẹ́nu, torí àárín eyín ni gbogbo ọ̀rọ̀ wọn ń gbà jáde. "Ẹ rọra. Bàbá ò mọ ohun tí wọ́n ń ṣe mọ́ ni. Tí èèyàn bá ti dàgbà tó báyìí, orí á kàn máa..." Wọ́n wá ń yí ìka létí orí, bí ẹni tó ń dé ìdérí ìgò.

Bàbá tí wọ́n ń sọ yìí jókòó sáàárín pálọ̀ níwájú gbogbo wa, wọ́n ń yọ ẹ̀gún igi kan tó wọ̀ wọ́n ní àtàǹpàkò. Wọn ò gbọ́ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan. Ajá wọn na gbọọrọ sórí ẹsẹ̀ wọn, ó ń sùn. Lọ́yà kan tó ṣì kéré lọ́jọ́ orí jókòó ti ògiri, ó gbé báàgì lé itan, ó dì í mú bí ẹni tó wọ ọkọ̀ tí kò sì fọkàn tán ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ohun tó fa ìjà ò ju báyìí lọ. Bàbá mi àgbà ló ránṣẹ́ pe lọ́yà pé kó wá bá àwọn kọ ìwé ìhágún. Ilé, ti àwọn ọmọ ni. Kálukú ti mọ yàrá tó jẹ́ tirẹ̀, ìyẹn ò níjà. Ṣùgbọ́n ṣọ́ọ̀bù káfíńtà wọn tó wà níwájú ilé, wọ́n ní tí àwọn bá ti kú, kí wọ́n fi í ta Ẹgbẹ́ Aláàánú Ẹranko lọ́rẹ, àwọn tó ń gba ajá, ológbò àti ohunkóhun tó bá ní ẹsẹ̀ mẹ́rin tí aráyé ti lé jáde. Gbólóhùn yẹn ló sọ pálọ̀ wa di ojú ogun.

Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa jà lọ. Wọ́n ṣì máa pẹ́ níbẹ̀. Ẹ jẹ́ n fi Bàbá hàn yín ná.

Láti kékeré ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ nílé ìlagi. Ẹ̀rọ ibẹ̀ máa ń ké láti òwúrọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, kò sì sẹ́ni tó fún wọn ní nǹkan fi dí etí nígbà náà. Ẹ̀rọ yẹn jẹ etí wọn bí eku ṣe ń jẹ àtẹ́lẹsẹ̀ ẹni tó ń sùn: á jẹ, á fẹ́ atẹ́gùn sí i, kò ní jẹ́ kó o mọ̀. Nígbà tí wọ́n fi máa ṣí ṣọ́ọ̀bù tara wọn, ìyá mi àgbà ti ń lu ìkòkò kí wọ́n tó lè pè wọ́n wá jẹun. Nígbà tí wọ́n bí èmi, ilẹ̀kùn tó bá gbá gàà nìkan ló kù tí wọ́n ń gbọ́. Ní báyìí, ilẹ̀kùn gan-an ti ń gbá lásán.

Ẹ wá wo oníbàárà tó bá ń bá adití sọ̀rọ̀. Á pariwo. Tí Bàbá ò bá gbọ́, á tún ariwo kan náà pa, iṣan ọrùn á le, itọ́ á máa fò. Bàbá á kàn máa wò ó bí ẹni tó ń wo ẹja nínú omi. Nígbà tó sú wọn, wọ́n dá ọgbọ́n kan: wọn ò gba iṣẹ́ lẹ́nu oníbàárà mọ́. "Fi hàn mí" ni. O fẹ́ àga? Jókòó sórí pákó yìí bó o ṣe ń jókòó nílé tí kò bá sẹ́ni tó ń wò ọ́. O fẹ́ kọ́bọ́ọ̀dù? Dúró síbẹ̀, na ọwọ́, jẹ́ n rí ibi tí apá rẹ mọ.

Ọkùnrin oníkóòtù kan wá, ó ní àga tó nà gbọnrangandan lòun fẹ́, àga ẹni iyì. Bàbá ní kó jókòó. Kò pẹ́, oníkóòtù ti yọ bàtà, ó ti ká ẹsẹ̀ kan sábẹ́ ìdí, ó ti rọ̀ sí apá òsì bí aṣọ tí wọ́n sá. Àga tí Bàbá ṣe fún un, ó fẹ̀, ó jìn, apá òsì rẹ̀ nípọn. Nígbà tó yá, ìyàwó ọkùnrin náà wá bá wa, ó ní ọkọ òun ò dìde mọ́ nílé. Bàbá máa ń ní, "Ẹnu lè purọ́. Ìdí kì í purọ́ lórí àga." Lọ́jọ́ kan tọkọtaya tuntun kan wá ṣe bẹ́ẹ̀dì. Bàbá ti la ẹnu, "Ẹ fi hàn..." Wọ́n wá rí ojú ìyàwó. Wọ́n ní, "Ẹ̀yin, ẹ kàn sọ bó ṣe máa fẹ̀ tó."

Ibi tí èmi ti wọ ọ̀rọ̀ nìyí. Ìwé ò gbà mí, mo sì ti fi í sílẹ̀ fún àwọn tó gbà. Àmọ́ kò sí ọmọ èèyàn tí mo rí lẹ́ẹ̀kan tí mi ò lè sín jẹ. Bàbá máa ń wo ẹnu mi, wọ́n á sì mọ ohun tí mò ń sọ, bí mi ò tiẹ̀ fọhùn. Tí ẹnìkan bá sọ̀rọ̀, n kì í ròyìn rẹ̀ fún wọn o. Ṣe ni mo máa ń di ẹni náà, ọrùn, eyín, ìrìn, gbogbo ẹ̀ pátá.

Ọjọ́ tí Ìyá Ẹlẹ́ranko kọ́kọ́ wọ ṣọ́ọ̀bù ni Bàbá pàdé oníbàárà gidi. Àwọn ni olórí Ẹgbẹ́ Aláàánú Ẹranko, obìnrin gbọ̀gbọ̀rọ̀ kan tí irun ológbò kì í wọ́n lára aṣọ wọn. Ilẹ̀kùn ilé ajá ni wọ́n wá ṣe. Bàbá ò tíì sọ "fi hàn mí" tán tí ìyá yìí ti fọwọ́ àti orúnkún balẹ̀ sínú ìyẹ̀fun igi, wọ́n ń rá bọ̀ bí ajá arúgbó tí ìbàdí ń dùn. Wọ́n dé ẹnu ọ̀nà, wọ́n gbé ọwọ́ kan, kò gòkè, wọ́n gbé èkejì, kò gòkè, wọ́n wá bojú wo Bàbá bí ẹni tó fẹ́ ní "Ẹ gbà mí o." Èmi tó jẹ́ pé iṣẹ́ mi nìyẹn, mo ṣe sàdáńkátà fún wọn. Bàbá rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi jókòó. Gbogbo ilẹ̀kùn tí wọ́n bá wọn ṣe, kò sí pákó kankan nísàlẹ̀ tí ajá máa fò kọjá.

Ọjọ́ tí a lọ gbé àwọn ilẹ̀kùn náà kọ́, ajá aláwọ̀ eérú kan wà níbẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ò fẹ́ mú relé. Mo bi Ìyá Ẹlẹ́ranko pé kí ló ṣe é. Wọ́n ní, "Kì í gbó ni. Àwọn èèyàn á ní, ajá tí kì í gbó, kí la fẹ́ fi ṣe?" Mo ṣe é fún Bàbá. Bàbá wo ajá, ajá wo Bàbá.

"Èmi náà tí mi ò gbọ́ nǹkan kan," ni Bàbá wí, "kí ni mo fẹ́ fi gbígbó ṣe?"

Bó ṣe bá wa wálé nìyẹn. Tí ẹnikẹ́ni bá dé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, ajá á lọ fi imú tútù kan ẹ̀yìn orúnkún Bàbá. Bàbá á gbé ayùn kalẹ̀, wọ́n á yíjú padà: "Ẹ káàbọ̀." Oníbàárà tó ti fa èémí sínú láti pariwo, ibo ló fẹ́ gbé èémí yẹn gbà? Àwọn aládùúgbò ò sì yéé bi wá pé kí la fẹ́ fi odi ajá ṣe, ni Bàbá bá sọ ọ́ ní Kòkànyín. Tí wọ́n bá ń ké pè é láàárọ̀, ẹni tó ń kọjá jẹ́jẹ́ rẹ̀ lójú títì á rò pé òun ni wọ́n ń bá wí.

Láti ìgbà náà ni Bàbá ti ń lọ bá wọn tún nǹkan ṣe níbẹ̀. Wọ́n ṣàkíyèsí pé àwọn ajá kan wà tó jẹ́ pé ẹnu géètì ni wọ́n máa ń kọjú sí, wọn kì í bá àwọn yòókù ṣeré. Wọ́n bi mí. Mo bi Ìyá Ẹlẹ́ranko. Èsì tí wọ́n fún mi, mi ò fi ẹ̀fẹ̀ kankan sí i nígbà tí mo ń ṣe é: "Arúgbó ló ni wọ́n tẹ́lẹ̀. Arúgbó kú, àwọn ọmọ ti ilẹ̀kùn ilé pa, wọ́n lé ajá síta. Ẹni tí wọ́n ń retí ò ní í wá."

Ìgbà tí à ń bọ̀ lọ́nà ni Bàbá tó bi mí pé, "Tí mo bá kú, ta ló máa mú Kòkànyín?" Mo fọwọ́ sọ àyà. Wọ́n rẹ́rìn-ín. "O ṣeun, ọmọ mi. Àwọn tí ò ní ọmọ-ọmọ bíi tìẹ ńkọ́?"

Àtọjọ́ náà ni wọ́n ti ń wo ṣọ́ọ̀bù yẹn lọ́nà mìíràn. Òrùlé ẹ̀ ò jò. Ilẹ̀ ẹ̀ fẹ̀. Ẹ̀rọ omi wà níbẹ̀. Ojú títì ló kọjú sí, èrò ń lọ, èrò ń bọ̀, kò sí géètì tí ajá kan á máa tẹjú mọ́.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká padà sí pálọ̀. Wọn ò tíì jà tán. Mo ti sọ fún yín.

"Ẹ jọ̀ọ́, sà." Lọ́yà nìyẹn. Bí ẹni tó fi ẹyin sẹ́nu tí kò fẹ́ kó fọ́ ló ṣe ń sọ̀rọ̀, ètè rẹ̀ ò mì rárá. "Ohun ìní Bàbá ni. Ẹni tó bá wù wọ́n ni wọ́n lè fún. Ṣùgbọ́n mo gbọ́dọ̀ rí i dájú pé ohun tí mo bá kọ yé wọn, pé kò sẹ́ni tó fi ọ̀rọ̀ sí wọn lẹ́nu. Tí kò bá dá mi lójú, mi ò ní lè kọ ọ́."

Ọrùn Alága yọ síta. "Ìyẹn gan-an! Báwo ló ṣe máa yé wọn? Wọn ò gbọ́ràn! Èmi bi wọ́n níjelòó pé ṣé wọ́n ti jẹun, wọ́n ní àfi kí n kọ́kọ́ fi gúlùù lẹ̀ ẹ́!"

"Ẹ̀yin lẹ kọjú sí ògiri bá wọn sọ̀rọ̀," ni màmá mi wí.

"Ọmọ yìí ń ṣe ògbufọ̀ fún wọn, àbí?" Lọ́yà nawọ́ sí mi.

"Èwo? Èyí? Ọ̀bọ inú ilé yìí?" Alága pàtẹ́wọ́. "Tí n bá ní 'ẹ káàárọ̀' lásán, á fi ọrùn kún un! Lọ́yà, ẹ má gba ọmọ yìí gbọ́ o. Ẹ gbé báàgì yín, ẹ máa lọ sílé, ọ̀rọ̀ ẹbí nìyí, tí a bá sọ ọ́ tán, a máa ránṣẹ́ sí yín."

Gbogbo bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ ni mò ń ṣe é fún Bàbá, ọrùn àti gbogbo ẹ̀. Lọ́yà sì ti ń dìde lóòótọ́. Ojú Bàbá le. Wọ́n mọ̀ pé tí lọ́yà bá fi lè jáde láì kọ nǹkan kan, Alága ò ní jẹ́ kó padà wá mọ́ láé, ṣọ́ọ̀bù ti bọ́ nìyẹn. Wọ́n fi ọ̀pá ìtìlẹ̀ wọn lu ilẹ̀.

"Ó tó gẹ́ẹ́! Gbogbo yín, ó di ṣọ́ọ̀bù."

A tò tẹ̀lé wọn bí ọmọ ilé ìwé. Ayùn àti hámà so rọ̀ sára ògiri, tábìlì kan tí Bàbá ò tíì ṣe tán ń dúró lórí ẹsẹ̀ mẹ́ta, òórùn igi tútù gba imú wa. Bàbá jókòó sórí àpótí wọn, Kòkànyín lọ wólẹ̀ sábẹ́ tábìlì.

"Mo ti kú," ni Bàbá wí.

"Bàbá, ẹ má sọ bẹ́ẹ̀ mọ́!" ni màmá mi ké.

Bàbá ò kúkú gbọ́. "Mo ti kú, ṣọ́ọ̀bù ti di tiyín. Àkọ́bí mi, kí lo fẹ́ fi ṣe? Má sọ ọ́. Fi hàn mí."

Alága wo ọ̀tún, wọ́n wo òsì, wọ́n fa ṣòkòtò sókè. Wọ́n na apá méjèèjì, wọ́n rìn gbẹndẹkẹ láti ẹnu ọ̀nà dé ẹ̀yìn: ògiri tuntun nìyẹn. Wọ́n ṣí ilẹ̀kùn kan nínú afẹ́fẹ́, wọ́n tì í, wọ́n ṣí òmíràn lódìkejì. Yàrá ayálégbé. Wọ́n wá jókòó sórí pákó, wọ́n na ọwọ́ síta, wọ́n ń wo ẹnu ọ̀nà.

"Kí lò ń retí?" ni Bàbá bi wọ́n.

"Owó ilé ni."

"Ó dáa. Ìwọ ńkọ́, Onífíríìsà?"

Àǹtí ti ká apá aṣọ sókè. Wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n gbé fíríìsà àkọ́kọ́, wọ́n ń mí hẹlẹhẹlẹ bíi pé ó wúwo lóòótọ́, wọ́n gbé e sí kọ̀rọ̀. Wọ́n padà lọ gbé òmíràn, wọ́n gbé e gba iwájú Alága kọjá.

"Hẹn-ẹ́n! O ti gba inú ògiri mi kọjá!"

"Ògiri wo?"

"Ògiri tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ yìí! Ṣé ojú ń dùn ẹ́ ni?"

"Èmi ò rí ògiri kankan o. Fíríìsà mi ni mò ń gbé."

"Gbé e kúrò nínú yàrá ayálégbé mi!"

"Ayálégbé yín ló máa kó jáde. Ibí yìí ni wáyà iná dé."

"Ta ló fún ẹ láṣẹ iná?"

"Ta ló fún yín láṣẹ ògiri?"

Wọ́n ti dojú kọ ara wọn. Alága ń fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì ti ògiri kó má wó, Àǹtí ń fi ìbàdí ti fíríìsà kó wọlé. Màmá mi ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ò ṣe gba ẹnu ilẹ̀kùn? Ó wà níbẹ̀ yẹn."

Ìjà yìí ò fẹ́ ògbufọ̀. Èjìká Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, ẹ̀rín bú jáde. Lọ́yà gbé báàgì bojú, ṣùgbọ́n báàgì náà ń gbọ̀n. Alága gbọ́ ẹ̀rín, wọ́n wo ọwọ́ wọn tó wà lókè tó ń ti afẹ́fẹ́. Ọrùn wọn padà wọlé díẹ̀díẹ̀. Wọ́n jókòó.

"Kì í ṣe owó ilé," ni wọ́n wí, ohùn wọn ti wálẹ̀ pátápátá. "Kì í ṣe ṣọ́ọ̀bù gan-an. Ẹ̀yin ò mọ ohun tí aráyé máa sọ ni? Wọ́n á ní, ẹ wo àwọn ọmọ tí bàbá wọn ka ajá sí jù wọ́n lọ. Ta ni wọ́n sì máa nàka sí? Èmi àkọ́bí ni. Wọ́n á ní kí ni mo fi ṣe bàbá mi."

Ó ti mọ́ mi lára kí n máa fi nǹkan kún ọrùn Alága. Lọ́tẹ̀ yìí mi ò fi nǹkan kan kún un. Mo gbé ojú wọn bó ṣe wà, ẹnu tó rọ̀, ojú tí ò fẹ́ wo ẹnikẹ́ni, mo sì gbé e fún Bàbá.

Ẹ̀rín tán lójú Bàbá. Wọ́n fa àpótí sún mọ́ ọmọ wọn.

"Ṣé o rò pé mo ka ajá sí jù ọ́ lọ?"

Alága ń fi ìka yí ìyẹ̀fun igi lórí pákó.

"Tí wọ́n bá gba ẹ̀yìn rẹ wá gba ṣọ́ọ̀bù, lóòótọ́, ìtìjú ni. Mo ṣì í ṣe níbẹ̀. Ìwọ ló yẹ kí n kọ́kọ́ pè kí n tó pe lọ́yà. Ó dáa. Lọ́yà, kọ èyí sí i. Ọjọ́ tí wọ́n bá máa gba ṣọ́ọ̀bù, àkọ́bí mi ló máa ṣílẹ̀kùn. Òun ló máa fi kọ́kọ́rọ́ lé wọn lọ́wọ́, níwájú gbogbo àdúgbò. Kí wọ́n sì kọ ọ́ gàdàgbà sára ògiri iwájú pé àwọn ọmọ Káfíńtà ló fún wa. Kò sẹ́ni tó máa lè sọ pé wọ́n fi ajá gba ogún lọ́wọ́ ọmọ. Ọmọ ló fún wọn."

Àìmọye ìgbà ni mo ti sín ọrùn yẹn jẹ, mi ò tíì rí i kó rọra jáde tó báyìí rí.

"Níwájú... gbogbo àdúgbò?"

Mo ṣe é fún Bàbá. "Gbogbo àdúgbò," ni wọ́n wí.

"Èmi ni mo máa ṣílẹ̀kùn?"

"Ta ló tún kù?"

"Wọ́n á fún mi láàyè ọ̀rọ̀ sísọ?"

"Ta ló lè dá ọ dúró?"

Alága wo Àǹtí, wọ́n wo màmá mi. Wọ́n gbọn ìyẹ̀fun igi kúrò lára aṣọ. "Lọ́yà," ni wọ́n wí, "ẹ jókòó. Kí lẹ ń dúró fún? Ẹ kọ ọ́ bí Bàbá ṣe wí."

Lọ́yà ṣì ní kí Bàbá fi ẹnu ara wọn sọ gbogbo ẹ̀ padà. Bàbá sọ ọ́ láìjẹ́ pé mo la ẹnu: ilé, ti àwọn ọmọ; ṣọ́ọ̀bù, ti Ẹgbẹ́ Aláàánú Ẹranko, fún àwọn ajá arúgbó tí ẹni tó ni wọ́n ti kú; kọ́kọ́rọ́, ọwọ́ àkọ́bí. "Àti pé mi ò tíì kú o. Kọ ìyẹn náà sí i." A pe télọ̀ àti onígbàjámọ̀ tó wà lódìkejì títì kí wọ́n wá ṣe ẹlẹ́rìí. Orí tábìlì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ni Bàbá ti buwọ́ lù ú, èmi ni mo di igun kẹrin mú.

"Fíríìsà mi wá ńkọ́?" ni Àǹtí bèèrè láàárín eyín.

"Kó wọn jáde," ni Bàbá wí. "O ti dí ojú ọ̀nà."

Inú gbogbo wa ti dùn nígbà náà. Alága ní kò yẹ kí nǹkan bá àwọn lójijì, pé kí n dúró bí Ìyá Ẹlẹ́ranko, àwọn fẹ́ fi ọ̀rọ̀ náà dánra wò. Mo na ara gbọọrọ, mo ń ṣa irun ológbò kúrò léjìká. Alága gbé kọ́kọ́rọ́ sókè.

"Ẹ̀yin ẹ̀dá oníìrù, àti ẹ̀yin ẹ̀dá aláìnírù tẹ́ ẹ péjọ síbí lónìí..."

Kòkànyín jáde lábẹ́ tábìlì, ó wá dúró síwájú wọn, ó ń wò wọ́n lójú. Alága dánu dúró. Wọ́n wo ajá, wọ́n wò wá. Wọ́n wá fi ìka kan ṣoṣo kàn án lórí, bí ẹni tó ń yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ìkòkò ti gbóná, wọ́n sì ń bá ọ̀rọ̀ lọ: "...mo kí yín o, mo tún yín kí..."

Bàbá ti rí i pé ẹnu wọn ò fẹ́ dúró mọ́. "Ìwọ ọmọ yìí, ṣé kí n tètè kú ni, kí ọ̀rọ̀ náà má baà tutù sí ọ lẹ́nu?"

Alága ní ó ku apá kejì. Wọ́n ní kí n má kúrò lójú kan, wọ́n ti tún ọrùn yọ, wọ́n ti fa èémí, ni ohùn màmá mi bá ta láti ilé ìdáná:

"Ìwọ! Ìwọ tó o mọ gbogbo ayé sín jẹ! Wá sín ẹni tó ń fọ abọ́ jẹ níbí!"

Mò ń bọ̀, mà.